Ìkarahun Inú Símẹ́ńtì: Ohun Tí Òkúta Ewékorò Sọ fún Wa Nípa Àkúrun

Bí ẹ bá ń gba ojú ọ̀nà Badagry kọjá ní Mazamaza, ohun tí ẹ óò máa rí lọ́tùn-ún lósì ni ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí ìlú òkèèrè, ṣọ́ọ̀bù, àti ibi tí wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yìn wọn ni Festac Town àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin wà, ilé lórí ilé, kọnkéré lórí kọnkéré. Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn wo ògiri ilé kó sọ pé ohun tó ti wà láàyè rí ni òun ń wò. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Òkúta ni wọ́n fi ṣe símẹ́ńtì tó so yanrìn mọ́ra nínú búlọ́ọ̀kù yẹn. Òkúta náà sì wà nítorí pé àwọn ohun abẹ̀mí kan tó ní ìkarahun gbé inú òkun, wọ́n kú, ìkarahun wọn kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi, ó sì pẹ́ títí ó fi le. Òkun tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń bú ní Badagry lónìí o. Òkun àtijọ́ kan ni, tó bo ibi tí a wá ń pè ní Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ lè máa bèèrè pé kí ló kan onímọ̀ èdè kan òkúta. Ó kàn án dáadáa. Ẹni tó bá ń wá bí èdè ṣe rí nígbà tí kò tíì sí ìwé, ohun tó ṣẹ́kù nìkan ló ní lọ́wọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kẹ́. Àpò ni ọ̀kẹ́. Nígbà tó jẹ́ pé owó ẹyọ ni a ń ná, àpò kan máa ń gba 20,000 ẹyọ, bí ọ̀kẹ́ ṣe di orúkọ fún iye yẹn nìyẹn. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà, kò sí ẹni tó ń ru ọ̀kẹ́ owó kiri mọ́, síbẹ̀ a ṣì ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹni tí kò fojú kan àpò ẹyọ rí láyé rẹ̀ ń fi àpò ẹyọ ka owó ìjọba. Ọjà àtijọ́ ti tú, ọ̀rọ̀ kan péré ló ṣẹ́kù sí wa lẹ́nu, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń kà á yóò rí ọjà náà padà.

Ohun tí ọ̀kẹ́ jẹ́ nínú èdè wa ni fọ́síìlì jẹ́ nínú òkúta. Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ fi ọ̀kẹ́ ka ọdún tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: 66 mílíọ̀nù ọdún, ìyẹn 3,300 ọ̀kẹ́. Ìkarahun ni a fi ń ka ọjọ́ orí ìkarahun.

Kí wá ni fọ́síìlì? Egungun ni, tàbí eyín, ìkarahun, ewé, kódà ipa ẹsẹ̀ ohun abẹ̀mí ayé àtijọ́, tí a bá nínú òkúta. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá kú ló ń di fọ́síìlì. Bí ewúrẹ́ bá kú sí gbangba, igúnnugún, ajá, ìdin àti òjò á pín in láàrin ara wọn, kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ̀ pé ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀ rí. Kí òkú tó lè ṣẹ́kù, ẹrẹ̀ tàbí yanrìn gbọ́dọ̀ tètè bò ó. Ẹrẹ̀ mìíràn á tún gorí ẹrẹ̀ yẹn, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi tó ń rìn nínú ilẹ̀ á sì máa gbé èròjà òkúta wọ inú egungun tàbí ìkarahun náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, ìkarahun fúnra rẹ̀ á yọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó ti kún inú rẹ̀ á ti le, á sì mú àwòrán inú ìkarahun náà gẹ́gẹ́ bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń mú àwòrán mọ́ọ̀dù. Mọ́ọ̀dù ti lọ, búlọ́ọ̀kù wà.

Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ òkun fi sàn fún irú iṣẹ́ yìí ju orí ilẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá fọ́síìlì lára Òkúta Olúmọ. Iná inú ilẹ̀ ló yan irú òkúta bẹ́ẹ̀, ibi jíjìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti dì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò lábẹ́ Olúmọ tó ń bọ̀ lápá Èkó, inú òkúta tó dàgbà jù ló ti ń bọ̀ sínú èyí tó kéré sí i. Lẹ́yìn àwọn àpáta líle Abẹ́òkúta, yóò kan yanrìn tó ti di òkúta. Lẹ́yìn náà ni yóò dé Ewékorò, níbi tí òkúta símẹ́ńtì ti súnmọ́ ojú ilẹ̀. Láti ibẹ̀, òkúta náà ń rọra dà sísàlẹ̀ bó ṣe ń lọ síhà òkun, àwọn ìpele tó kéré lọ́jọ́ orí sì ń gorí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi dé Mazamaza, ó ti rì jinlẹ̀jinlẹ̀ sábẹ́ yín, yanrìn àti ẹrẹ̀ tí òkun àti ọ̀sà kó jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ ń tẹ̀. Ìrìn wákàtí díẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún ni ẹ là kọjá.

Òkúta Ewékorò ṣe pàtàkì nítorí ìgbà tí wọ́n bí i. Àárín 66 mílíọ̀nù ọdún sí 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ìgbà náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn ayé díẹ̀ á ti ta kìjí bó ṣe gbọ́ 66 yẹn, nítorí pé ìgbà náà ni ikú ńlá kan pa ayé, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún irú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹranko ti pọ̀ nínú omi. Nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo irú ohun abẹ̀mí tó wà láyé ló kú run. Àwọn dáínásọ̀ wà lára wọn. Àwọn ìbátan wọn kan ṣoṣo tó yè é ni àwọn ẹyẹ, adìẹ tó ń jẹko lẹ́yìn ilé yín jẹ́ ọ̀kan.

Ní 1980, Luis Alvarez àti ọmọ rẹ̀ Walter, pẹ̀lú Frank Asaro àti Helen Michel, tẹ ìwádìí kan jáde tó sọ ohun tó fa ikú náà. Nínú ìpele amọ̀ tín-ínrín kan tó wà láàrin òkúta ìgbà dáínásọ̀ àti òkúta tó tẹ̀ lé e, ní Gubbio ní Ítálì àti níbòmíràn, wọ́n rí iridium, irin kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an ní ojú ilẹ̀ wa ṣùgbọ́n tó pọ̀ nínú òkúta tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Wọ́n ní òkúta ńlá kan ló já lu ayé. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di 1991, àwọn onímọ̀ sọ pé àwọn ti rí kòtò tí òkúta náà gbẹ́, ní Chicxulub ní Mẹ́síkò, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 180 kìlómítà. Eruku, èéfín àti èròjà imí ọjọ́ gòkè, wọ́n bo oòrùn. Ewéko kò rí ìmọ́lẹ̀, àwọn ohun tíntìntín tó ń léfòó nínú òkun tí gbogbo ẹja gbára lé kò rí i, ebi sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní 2022, Uisdean Nicholson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kéde kòtò mìíràn, Nadir, lábẹ́ ìsàlẹ̀ òkun, ní nǹkan bíi 400 kìlómítà sí etíkun Guinea níbí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó kéré púpọ̀ sí ti Mẹ́síkò, ọjọ́ orí rẹ̀ sì súnmọ́ ti àkókò kan náà.

Kí ni ikú náà ṣe nílẹ̀ tiwa? Òkúta ìhà àríwá, ní Sókótó, ló jẹ́ ká rí ṣáájú àti lẹ́yìn pọ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé òkun dé Sókótó. Lópin ìgbà dáínásọ̀, omi òkun wọ inú ilẹ̀ dé ibi tó jẹ́ aṣálẹ̀ lónìí. Nínú òkúta ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ rí mosasaur, ẹran òkun ńlá kan tó bá awọ́nríwọ́n àti ejò tan. W. E. Swinton kọ nípa ọ̀kan láti Sókótó ní 1930. Ní 1972 Azzaroli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Goronyosaurus, wọ́n fi orúkọ ìlú Goronyo pè é. Inú òkúta ìgbà yẹn náà ni ammonite wà, ẹran omi olọ́wọ́ púpọ̀ tí ìkarahun rẹ̀ ká bíi ti ìgbín. Beverly Halstead, tó ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè wa, tún ṣàpèjúwe ọ̀nì òkun kan láti ibẹ̀ ní 1975, ó pè é ní Sokotosuchus.

Nígbà tí ẹ bá wá gòkè sí ìpele tó tẹ̀ lé e, tí òkúta símẹ́ńtì Kalambaina jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, òkun ṣì wà níbẹ̀. Ìdílé àwọn ọ̀nì yẹn náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n mosasaur kankan kò sí mọ́. Ammonite kò sí mọ́. Kì í ṣe ní Sókótó nìkan; kò sí ibì kan láyé tí wọ́n ti tún fara hàn láti ìgbà náà títí di òní. Bí àkúrun ṣe ń rí nínú òkúta nìyí. Kò sí ariwo níbẹ̀. Ẹ óò kàn máa ṣí ìwé lọ, orúkọ kan tó wà ní gbogbo ojú ìwé á dédé dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ewékorò wàyí. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì West African Portland Cement bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1960, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí oní-símẹ́ńtì Elephant. Bí wọ́n ṣe ń fọ́ òkúta ni ihò ńlá ń là, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì ń rí ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀. Ní 1964, Jones àti Hockey ti Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ilẹ̀ ìjọba kọ nípa ilẹ̀ apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn yìí, wọ́n sì fi orúkọ Ewékorò pe ìpele òkúta náà. Ẹni tó wá jókòó ka ìkarahun ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìpele òkúta Ewékorò àti fọ́síìlì inú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977. Ọdún tí a ń jó FESTAC yẹn náà ni o, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì, tí àlejò láti gbogbo ayé ènìyàn dúdú dé sí Festac Town tí kọnkéré rẹ̀ ṣì tutù. Gbogbo ayé gbọ́ ti FESTAC. Ó dá mi lójú pé ẹni tó gbọ́ nípa ìwé Adégòkè kò lè kún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan.

Kí ló wà nínú òkúta náà? Ìkarahun oríṣiríṣi, àwọn tó ká bí òkòtó àti àwọn tó pé méjì bí ọwọ́ tó pàtẹ́wọ́. Akàn wà níbẹ̀. Àwọn ohun tíntìntín tó jẹ́ pé abẹ́ ẹ̀rọ awò-nǹkan-ńlá nìkan la ti lè rí wọn dáadáa wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Nautilus náà wà níbẹ̀, ẹran omi olọ́wọ́ púpọ̀ tí ìkarahun tirẹ̀ náà ká. Ẹni tí kò bá wò ó fínnífínní lè pè é ní ammonite. Ìbátan ni wọ́n, wọ́n jọ gbé òkun pọ̀ fún àìmọye ọdún. Ọ̀kan kú run, èkejì la òkè ikú náà kọjá, ìran rẹ̀ sì ń bẹ títí di òní nínú òkun Íńdíà àti òkun Pàsífíìkì.

Kí ló dé tí èyí kú tí èyí yè? Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ẹyin ló fa ìyàtọ̀. Ọmọ ammonite kéré gan-an nígbà tó bá pa, ó ń léfòó nítòsí ojú omi, ohun tíntìntín ojú omi ló sì ń jẹ. Nígbà tí oòrùn ṣú, oúnjẹ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tán. Nautilus ń yé ẹyin díẹ̀ ṣùgbọ́n ó tóbi, oúnjẹ ọmọ ti wà nínú rẹ̀, àwọn àgbà wọn sì ń rìn nínú ibú tí wọ́n ń jẹ òkú ẹran. Bí a bá wò ó báyìí, kì í ṣe alágbára ló yè. Ammonite pọ̀ ju nautilus lọ, ó yára ju ú lọ ní yíyí padà láti irú kan sí òmíràn. Mosasaur ló wà lókè nínú gbogbo ẹran òkun ìgbà náà. Àwọn tó yè ni àwọn tí oúnjẹ wọn kò tán lọ́jọ́ kan, irú bí akàn àti ọ̀nì tí ohun tó bá jẹrà kò kó ní ìríra. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn: ohun tó sọ ẹni di ńlá nígbà kan lè jẹ́ ohun tí yóò pa á nígbà tó bá yí.

Àwọn àyè tó ṣófo ńkọ́? Wọ́n kún padà, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tó gbà. Nínú òkúta tó kéré sí ti Ewékorò, ní Ameki nítòsí Umuahia, níbi tí rélùwéè láti Port Harcourt gbà kọjá, wọ́n rí egungun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù. Charles Andrews ló kà wọ́n. Ní 1916 ó kọ nípa egungun àyà ẹyẹ òkun kan tó tóbi ju gbogbo ẹyẹ òkun tí à ń rí lónìí lọ, ó pè é ní Gigantornis eaglesomei. Ní 1920 ìwé rẹ̀ lórí ẹran kan tó pè ní Pappocetus lugardi jáde; ẹ̀yin náà lè fura sí orúkọ gómìnà tó wà nínú rẹ̀. Àbùùbùtán àtijọ́ ni Pappocetus, láti ìgbà tí àwọn àbùùbùtán kò tíì fi orí ilẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ní 2014, Gingerich àti Cappetta kéde irú rẹ̀ mìíràn láti Togo, níbi tí wọ́n ti ń wa phosphate ní Kpogamé, wọ́n pè é ní Togocetus. Àwọn àbùùbùtán wọ̀nyí ṣì ní ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbi iṣẹ́ mi. Nínú Bíbélì Mímọ́ ti àtijọ́, níbi tí Jẹ́nẹ́sísì ti sọ̀rọ̀ dídá àwọn ẹ̀dá ńlá inú òkun, erinmi ni àwọn olùtúmọ̀ pè wọ́n. Erinmi, erin inú omi, ẹran odò ni a mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ló ti rẹ́rìn-ín pé àwọn olùtúmọ̀ kò mọ àbùùbùtán ni wọ́n ṣe fi erinmi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ àti egungun wá ìbátan àbùùbùtán, erinmi ni wọ́n bá. Nínú gbogbo ẹran tó wà láàyè lónìí, kò sí èyí tó bá àbùùbùtán tan tó erinmi. Àwọn olùtúmọ̀ wa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú ti bá a mu.

Láti ikú ńlá náà sí ìgbà tí àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn létíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ju 20 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ìyẹn ju 1,000 ọ̀kẹ́ ọdún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò nìyí, nítorí pé mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá: wọ́n á ní ẹranko ti ń kú run láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ayé á sì máa tún ara rẹ̀ ṣe, kí ló wá kàn wá bí erin bá tán nínú igbó? Ìdajì òótọ́ ni. Òótọ́ ni pé ayé tún ara rẹ̀ ṣe. Òkúta Ewékorò gan-an ni ẹlẹ́rìí. Ìdajì tó kù ni wọn kì í sọ. Ẹni tó lọ kò padà. Àbùùbùtán kì í ṣe mosasaur tó jíǹde, ẹlòmíràn ni tó wá jókòó sórí àga òkú. Àga náà sì ṣófo fún iye ọdún tí ìran ènìyàn kò tíì gbé láyé rárá.

Ẹ wo àyíká wa. Nínú igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí wa níbí, erin igbó díẹ̀ ṣì kù. Irú erin igbó yìí ni àjọ IUCN kà ní 2021 mọ́ àwọn tó wà létí àkúrun pátápátá. Kìnnìún tó ṣẹ́kù sí Nàìjíríà, Kainji àti Yankari nìkan ni wọ́n wà, wọn kò sì tó 50. Àgbáńréré dúdú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, IUCN kéde ní 2011 pé ó ti tán. Ní gbogbo ìgbà yìí, àwọn ọdẹ wa ṣì ń ki erin nínú ìjálá, wọ́n ń ki ẹfọ̀n, wọ́n ń ki ẹkùn. Ọmọ tó dàgbà sí Festac lè gbọ́ oríkì erin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì mọ̀ pé erin kan ń mí nínú igbó ìpínlẹ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ọ̀kẹ́ nìyẹn: àpò ti ń lọ, orúkọ ń ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ símẹ́ńtì pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti sọ òkúta ìkarahun di símẹ́ńtì, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, wọ́n á sì yan án nínú iná tó gbóná dé nǹkan bíi 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius. Carbon tí àwọn ẹran omi yẹn fà látinú òkun tí wọ́n fi kọ́ ilé ara wọn á bọ́ sínú afẹ́fẹ́ padà. Iṣẹ́ símẹ́ńtì lágbàáyé ló ń fa nǹkan bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì yìí tí ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, èyí tó ń mú ayé gbóná. Ohun tí òkun fi mílíọ̀nù ọdún kó pamọ́, wákàtí díẹ̀ la fi ń tú u sílẹ̀.

N kò sọ pé ká má kọ́lé. Inú ilé búlọ́ọ̀kù ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Bí kò bá sì sí ihò Ewékorò, Adégòkè ìbá má rí ohun tó kà. Òkúta náà ìbá wà lábẹ́ igbó títí láé láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹni tó ń fọ́ òkúta ló ṣí ìwé náà fún wa. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ìwé tó bá ṣí ni yóò jó kí ọjọ́ tó ṣú. Dáínámáìtì á dún, ọkọ̀ á kó o, iná á jẹ ẹ́, ó di àpò símẹ́ńtì ní Mazamaza. Láti 1960 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá mú síwájú iná, kò sí ọ̀nà tí a tún lè gbà rí i.

Ẹ wo ohun tí ohun kan ṣoṣo tí a bá pa mọ́ lè ṣe. Ní 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Charles Daniels wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, ní ẹkùn Oǹdó, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tó ti wà nílẹ̀ ju 11,000 ọdún lọ. Wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì pa á mọ́. Ní 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà ìwọ̀n tuntun wo agbárí náà. Wọ́n rí i pé ó jọ ti àwọn ènìyàn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ju bó ṣe jọ tiwa lọ. Ó túmọ̀ sí pé nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, títí dé ìgbà tí kò tíì jìnnà púpọ̀ nínú ìtàn ènìyàn, ìran kan tí àbùdá àtijọ́ ṣì hàn lára rẹ̀ ṣì ń gbé. Ọdún 46 ló wà láàrin ìkà àkọ́kọ́ àti èyí tó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ká ní wọ́n ti lọ egungun yẹn mọ́ amọ̀ ní 1966 ńkọ́?

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kúárì, ní Ewékorò, ní Ṣágámù, tàbí ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fọ́ òkúta símẹ́ńtì: bí ẹ bá rí ohun tó ká bí ìgbín, tó là bí ewé, tàbí tó jọ eyín, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i àti ibi tó ti wá gan-an lára ihò náà, bóyá ìsàlẹ̀ ni tàbí òkè. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá dà bí ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì tó súnmọ́ yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo òkúta kí wọ́n tó lọ wo ilé ọjà ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọba, àtakọ àdéhùn kan pẹ̀lú àwọn tó ń wa ilẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì wọlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, owó tó máa ná yín kò tó nǹkan.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mosasaur jìn, ammonite jìn, wọn kò rí ẹni kọ́ lọ́gbọ́n nígbà náà nítorí kò sí ẹni tó lè kàwé wọn. Àwa lè kà á. Ó kù sí wa lọ́wọ́ bóyá a óò kà á tán kó tó jó.